Sodiqat àti Àwọn Orúkọ Tó Ń Pòórá

Ẹ má bi mí bóyá mo fẹ́ràn Sodiqat. Ọmọ náà ti máa ń bèèrè ọ̀rọ̀ jù. Láti kékeré rẹ̀, tí ìyá rẹ̀ bá ti gbé ẹ̀gẹ́ wá sí ilé ẹ̀rọ mi ní Ìgànná níbí, òun ni yóò dúró ti ẹnjíìnì, tí yóò máa bi mí pé kí ló dé tí èéfín rẹ̀ fi máa ń dúdú láàárọ̀ tó sì máa ń funfun tó bá di ọ̀sán. Ṣé èmi ni mo ṣe ẹnjíìnì ni? Màá ní kó lọ jókòó. Á lọ jókòó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò ní kúrò lára èéfín.

Èmi ni Àdìgún. Ó ti di ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n tí mo ti ń rin ẹ̀gẹ́ fún àwọn onígàrí àti elélùbọ́ àdúgbò wa. Bàbá Samsudeen ni àwọn àgbà ń pè mí, àwọn ọmọdé ń pè mí ní Bàbá Ẹlẹ́rọ. Mo máa ń tètè bínú, n kò ní purọ́ fún yín. Ẹni tó bá ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnjíìnì fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, ta ló fẹ́ kó máa sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́?

Sodiqat lọ sí póòlì ní Ṣakí, ó kọ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà, ó sì gbé láptọ́ọ̀pù àlòkù kan bọ̀ wálé. Gbogbo wa rò pé Ìbàdàn ni yóò gbà lọ. Kò lọ. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò níléèwé láàárọ̀, tó bá di ọ̀sán, á wá jókòó sábẹ́ igi dóńgóyárò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹ̀rọ mi, nítorí ibẹ̀ ni nẹ́tíwọọ̀kì ti máa ń dúró. Á tẹjú mọ́ fóònù, á máa tẹ̀ ẹ́, á máa rẹ́rìn-ín músẹ́. Èmi rò pé ọkùnrin ló ń bá sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ kan mo yọjú wò ó láti ẹ̀yìn. Kì í ṣe ọkùnrin. Lẹ́tà ni, ìlà lórí ìlà, pẹ̀lú oríṣiríṣi àmì tí n kò rí rí.

"Kí lèyí?"

"Kóòdù ni, Bàbá. Áàpù ìkọ̀wé ni mo fi ń kọ ọ́. Ohun tí mo bá kọ sínú fóònù níbí, màá bá a nínú láptọ́ọ̀pù tí mo bá délé. Tí mo bá tún un kọ nílé, màá tún bá a nínú fóònù lọ́la."

"Ta ló ń gbé e láti ibí lọ síbẹ̀?"

Mo fọwọ́ ara mi fa wàhálà nìyẹn. Ojú ọmọ náà tàn, ó sún fún mi lórí bẹ́ǹṣì, ó bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Ó ní àwọn èèyàn tí kò rí ara wọn rí ló pawọ́ pọ̀ kọ áàpù náà káàkiri ayé. Wọ́n ṣí inú rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹni tó bá fẹ́ lè wò ó, ẹni tó bá sì rí ibi tí kò dára lè tún un ṣe kó fi ránṣẹ́ sí wọn. Ó ní ọ̀wẹ̀ ni. Òun náà ti bá wọn roko díẹ̀ níbẹ̀: òòrùn wa kì í jẹ́ kéèyàn rí lẹ́tà lójú fóònù, ni òun bá wá àwọ̀ tó hàn kedere fún un, wọ́n sì gbà á. Ìlà tó bá kẹ́yìn lójú fóònù kékeré, bọ́tìnnì ìtẹ̀wé máa ń bò ó mọ́lẹ̀, ìyẹn náà òun ti tún un ṣe.

"Ta ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́?"

"Kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí, Bàbá. Mo kàn fẹ́ mọ ìdí tó fi ń bò ó ni."

"Lọ wá ọkọ fẹ́ o jàre." Ó rẹ́rìn-ín, ó tún dojú kọ fóònù rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wa ì bá parí síbẹ̀ bí kì í bá ṣe ti ìjà. Nílé ẹ̀rọ mi, bàsíà ló ń tò, kì í ṣe èèyàn. Obìnrin tó bá ti bó ẹ̀gẹ́ rẹ̀ á gbé bàsíà sílà láti àárọ̀ kùtù, á sì lọ ṣe nǹkan mìíràn. Ṣùgbọ́n bàsíà kò lẹ́nu. Ní ọjọ́ kan tí ọjà ku ọ̀la, tí ibẹ̀ kún bámúbámú, Àwáwù dé, ó bá bàsíà tirẹ̀ lẹ́yìn pátápátá. Ó ní Ìyá Bàṣírù, olórí àwọn onígàrí, ló ṣí òun nídìí. Ìyá Bàṣírù ní irọ́ ni. Ó di ariwo, ó di fà-mí-n-fà-ọ́, ni wọ́n bá ń ti ara wọn lọ sídìí bẹ́líìtì tó ń yí. Díẹ̀ ló kù kí bẹ́líìtì fa ìborùn Àwáwù mọ́ ọn lọ́rùn. Mo sáré pa ẹnjíìnì.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn àgbà àdúgbò ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n ní, "Àdìgún, bí ìjà bá tún wáyé níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, a ó ti ilé ẹ̀rọ yẹn pa. Kò ní ṣojú wa kí obìnrin kan kú síbẹ̀." Ẹ gbọ́ mi o. Ilé ẹ̀rọ yẹn ni mo fi tọ́ ọmọ márùn-ún. N kò lóko mọ́, n kò mọ iṣẹ́ mìíràn. Bí wọ́n bá tì í, kí ni mo fẹ́ máa ṣe láyé?

Sodiqat ló wá bá mi. Ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká máa to orúkọ dípò bàsíà." Obìnrin tó bá ti bó ẹ̀gẹ́ rẹ̀ á pe òun lórí fóònù, òun á kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé kan nínú áàpù yẹn. Fóònù ńlá tí Samsudeen ọmọ mi fi ránṣẹ́ sí mi láti Ìbàdàn, a ó gbé e kọ́ sára ògiri ilé ẹ̀rọ, ìwé kan náà ni yóò máa hàn níbẹ̀. Tí mo bá ti rin ti ẹnì kan tán, màá tẹ orúkọ rẹ̀ kó kúrò. Kóòdù kékeré tí òun kọ á máa ka iye tó kù, òun á sì pe obìnrin tó kàn kó máa gbé ẹ̀gẹ́ rẹ̀ bọ̀. Yálà láti ilé ni òun ti kọ ọ́ ni o, láti iléèwé ni o, ìwé kan ṣoṣo ni.

N kò gbà nítorí pé ó yé mi. Ẹ̀rù ló mú mi gbà.

Ọlọ́hun ló mọ̀, ó dùn ní ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn obìnrin jókòó sílé wọn, wọ́n ń dé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èmi náà ń fi ìka tẹ fóònù ńlá bí ọ̀gá. Ìgbà tí ọjà tún ku ọ̀la ni wàhálà dé. Àwáwù gbé ẹ̀gẹ́ rẹ̀ wọlé ní ọ̀sán, ó ní òun ló kàn. Mo wo fóònù ńlá lókè nílẹ̀, n kò rí orúkọ Àwáwù.

"Mo pe Sodiqat láàárọ̀! Ẹ wò ó nínú fóònù mi bí n kò bá pè é." Ó yíjú sí Ìyá Bàṣírù. "Ẹ ti ní kó pa mí rẹ́, àbí?"

A pàrọwà fún un títí. Sodiqat sáré dé, ó ní, "Bàbá, mo kọ ọ́. Ojú mi báyìí ni mo fi rí i níbẹ̀." Mo gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ní ó ti tán.

Nígbà tí ọjà tún máa fi ku ọ̀la, orúkọ méjì ló pòórá. Àwáwù, ẹ jẹ́ n sọ òtítọ́, orúkọ tirẹ̀ tún wà lára àwọn tó pòórá. Obìnrin náà kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́. Ó mú ẹ̀gẹ́ gbàǹgbà kan nínú bàsíà rẹ̀, ó fẹ́ là á mọ́ Ìyá Bàṣírù lórí. Mo bọ́ sáàárín, èjìká mi ló gbà á. Ọpẹ́lọpẹ́ pé kò sí àgbà àdúgbò kankan nítòsí. Bí mo ti ń fọwọ́ pa èjìká, ni mo rí Sodiqat tó ń sáré bọ̀ pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, gbogbo ìbínú mi bá já lé e lórí. Níwájú gbogbo wọn ni mo ti sọ ọ́. "Òpùrọ́ ni ọ́! O kò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni, eré lò ń ṣe lábẹ́ igi yẹn. O fẹ́ kí wọ́n ti ilé ẹ̀rọ mi pa. Máa lọ, má jẹ́ n rí ẹ níbí mọ́." Ojú rẹ̀ pọ́n, ó yípadà, ó lọ. Lọ́jọ́ kejì, bàsíà ti tún tò dé ẹnu ọ̀nà.

Ọjọ́ méjì lẹ́yìn ìyẹn ni mo tún rí i ní ẹnu ọ̀nà, ìwé kékeré kan lọ́wọ́. Mo rò pé ó wá tọrọ àforíjì.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá Ẹlẹ́rọ. Ìbéèrè kan ló wà lọ́kàn mi."

"Ìbéèrè kẹ̀?" Irú ọmọ wo rèé?

Ó ní òun ti kọ àádọ́ta orúkọ nílé, òun ń kọ díẹ̀ nínú fóònù, òun ń kọ díẹ̀ nínú láptọ́ọ̀pù, ẹyọ kan kò sọnù. Ilé ẹ̀rọ níbí nìkan ni wọ́n ti ń sọnù, tí ọjà bá sì ku ọ̀la nìkan ni. "Bàbá, kí ló máa ń wà níbí lọ́jọ́ tí èrò bá pọ̀, tí kì í sí lọ́jọ́ tí kò bá pọ̀?"

"Wàhálà."

Ó bú sẹ́rìn-ín, kò bínú. Ó ní, "Lọ́jọ́ tí èrò bá pọ̀, ẹ máa ń tẹ fóònù ńlá léraléra. Mo wò ó nínú ìwé mi: orúkọ tí mo bá kọ láìpẹ́ sí ìgbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́ ló ń pòórá. Bẹ́ẹ̀, èmi ni mo kọ gbẹ̀yìn, ó yẹ kí tèmi dúró. Kí ló dé tí kò dúró?"

Mo fẹ́ lé e, ẹ̀mí mi kò gbà. Ìbéèrè náà ti wọ èmi náà lágbárí. Mo gbójú wo aago ara ògiri, mo rí i pé ìrun Àlàásárì ti súnmọ́, mo pa ẹnjíìnì, mo gbé bútà mi, mo ní kó máa dúró dè mí. Nígbà tí mo fi máa kírun tán ní mọ́ṣáláṣí kí n tó padà, ó ti wà lórí ìdúró lábẹ́ aago, ó mú fóònù ńlá lọ́wọ́ kan, ó mú tirẹ̀ lọ́wọ́ kejì, ó la ẹnu sílẹ̀.

"Bàbá, aago ara ògiri ní aago mẹ́rin kọjá ogójì ìṣẹ́jú. Bẹ́ẹ̀ náà ni fóònù ńlá wí. Fóònù tèmi ní aago mẹ́rin kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ta ló ṣe èyí?"

"Èmi ni. Mo ti aago síwájú ni. Ta ni kì í ti aago síwájú?" Mo sọ bó ṣe jẹ́ fún un. Ẹnjíìnì kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ ìpè ìrun. Láyé ọjọ́un, Àlàásárì bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo, ni mo bá ti aago síwájú ní ogún ìṣẹ́jú, kí n lè ráyè fọ epo kúrò lọ́wọ́, kí n ṣe àlùwàlá, kí n sì bá ìmáámù níbẹ̀. Nígbà tí fóònù ńlá dé tí aago rẹ̀ kò bá ti ògiri mu, inú mi kò dùn sí i. Odidi ọ̀sán kan ni mo fi wá ibi tí wọ́n ti ń yí i. Mo yí i, mo tún fi ń yangàn fún àwọn obìnrin pé mo mọ fóònù lò.

Sodiqat jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní áàpù kò mọ ẹni tó kọ gbẹ̀yìn. Ńṣe ló ń bi fóònù kọ̀ọ̀kan pé aago mélòó lo kọ tìrẹ, odidi ìwé ẹni tí aago rẹ̀ bá pẹ́ jù ló sì ń gbà. "Ẹ tẹ fóònù ńlá ní aago mẹ́sàn-án, fóònù yín ní aago mẹ́sàn-án kọjá ogún ìṣẹ́jú ni. Èmi kọ orúkọ Àwáwù ní aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Áàpù ní tèmi ti dàgbà ju tiyín lọ, ó jù ú nù."

Ara mi tutù. Mo na ọwọ́ sí fóònù ńlá náà kí n tètè yí aago rẹ̀ padà kí ẹnikẹ́ni tó wọlé. Ọmọ yìí gbá mi lọ́wọ́ mú! Èmi, àgbà!

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ má tíì yí i! Mo fẹ́ rí i níbi tó ti ń ṣe é."

Bí a ṣe jókòó nìyẹn, pẹ̀lú fóònù méjì àti láptọ́ọ̀pù kan lórí àpò ẹ̀gẹ́. Ó ní, "Ẹ tẹ̀ ẹ́." Mo tẹ fóònù ńlá. Òun kọ "Àwáwù" sínú tirẹ̀. A ń wò ó. Orúkọ náà wà níbẹ̀, ó wà níbẹ̀, ó sì lọ.

"Yéè! Ó ti lọ!" Mo ní ká tún un ṣe. A tún un ṣe. A yí aago síwájú díẹ̀, a yí i sẹ́yìn, a kọ láti inú láptọ́ọ̀pù, a kọ láti inú fóònù. Obìnrin kan gbé ẹ̀gẹ́ dé, mo ní kó dúró ná, iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, n kò gbádùn ọ̀sán kan tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí mo ti ra ẹnjíìnì. Nígbà tí a ṣe tán, mo ra omi tútù fún un. Ẹnu mi wúwo láti sọ pé mo jẹ̀bi, mo sì rò pé omi tútù yẹn ti tó.

Ọjọ́ méjì ló fi tún inú áàpù náà ṣe. Ó ní kò ní máa bi aago mọ́. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá kọ nǹkan sínú ìwé, á máa ka iye ìgbà, bí ẹni ń ta kókó sára okùn. Bí èèyàn méjì bá wá ta kókó láti ojú kan náà, kò gbọdọ̀ ju ti ẹnikẹ́ni nù, kó tọ́jú méjèèjì kó sì bi àwọn tó ni ín. Ó fi ránṣẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn tó ni áàpù dá a lóhùn láti ibi tí n kò mọ̀. Sodiqat kà á fún mi lábẹ́ dóńgóyárò: onítọ̀hún ní iṣẹ́ náà dára, ṣùgbọ́n ta ló máa mọ̀ọ́mọ̀ ti aago rẹ̀ síwájú ní ogún ìṣẹ́jú? Kò sẹ́ni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀.

"Kò sẹ́ni tó ń ṣe kí ni?" Mo dìde. "Sọ fún un pé Àdìgún ń ṣe é! Àbí èmi kì í ṣe èèyàn?"

Sodiqat kò sọ ọ́ báyẹn. Ó mú ìwé kékeré rẹ̀, ó ń lọ láti ọ̀dọ̀ obìnrin kan sí òmíràn, ó ń wo aago wọn. Nínú obìnrin mẹ́rìnlá, mọ́kànlá ló ti aago síwájú: ẹlòmíràn ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹlòmíràn mẹ́wàá. Aago ilé Ìyá Bàṣírù fi odidi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yá ju ti gbogbo ayé lọ. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó fi ránṣẹ́. Lọ́jọ́ tí ọjà ku ọ̀la ni èsì dé láàárọ̀ pé wọ́n ti gbà á, ó ti di ti gbogbo ẹni tó ń lo áàpù náà.

Inú mi dùn, mo ní ká padà sí orúkọ. Àwọn obìnrin kọ̀. Àwáwù ní òun kò lè fi orúkọ òun fún òpùrọ́. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa, ọ̀rọ̀ mi ni. Èmi ni mo fi sí i lẹ́nu.

Nítorí náà bàsíà ló tò lọ́jọ́ yẹn. Kò pẹ́ rárá. Ẹnì kan sún bàsíà kan kó lè ríbi kọjá, Àwáwù ní tòun ni, ó tún dojú kọ Ìyá Bàṣírù, àwọn tó kù pín sí méjì. Mo rí ọwọ́ tí Àwáwù gbé sókè. Mo rí ọ̀kan nínú àwọn àgbà àdúgbò tó ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ọ̀pá rẹ̀ lọ́wọ́. Mo pa ẹnjíìnì. Gbogbo wọn yíjú sí mi.

Mo ní, "Ẹ gbọ́. Sodiqat kọ orúkọ yín. Gbogbo ìgbà ló kọ ọ́. Ìyá Bàṣírù kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Aago tí mo yí nínú fóònù ńlá yìí ló ń pa orúkọ yín rẹ́, èmi ni mo sì yí i. Ó ti di ọjọ́ mẹ́rin tí mo ti mọ̀, ojú ló ń tì mí. Ọmọ ọlọ́mọ kò purọ́. Èmi ni mo purọ́ mọ́ ọn."

Àwáwù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé bàsíà rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí pé èmi ló fẹ́ dà á lé lórí. Ó gbé e kọjá lọ sẹ́yìn ti Ìyá Bàṣírù. Ó ní, "Ẹ máa rin tiyín, Ìyá Bàṣírù. Ẹ má bínú sí mi." Ìyá Bàṣírù bá a di etí bàsíà náà mú títí ó fi balẹ̀. Bàbá àgbà náà wo òsì, ó wo ọ̀tún, ó bi mí pé ta ló ń jà. Mo ní kò sí.

Mo jáde lọ bá Sodiqat lábẹ́ igi. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo ní, "Mo ṣẹ̀ ọ́, Sodiqat. Dárí jì mí."

Kíá ló ti kúnlẹ̀. "Ẹ má bẹ̀ mí, Bàbá, ẹ jọ̀ọ́." Ẹkún bá gbà á. "Pé ẹ lé mi kọ́ ló dùn mí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí láti kékeré, ẹ pè mí ní òpùrọ́, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan nínú gbogbo yín tó bi mí pé, 'Sodiqat, báwo ló ṣe jẹ́?' Ẹyọ ẹnì kan, Bàbá."

Ẹnjíìnì ti ń tutù, àwọn obìnrin ń dúró dè mí. Mo fà á dìde, mo jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì, mo nu omi ẹ̀gẹ́ kúrò lọ́wọ́.

Mo ní, "Ó dáa. Báwo lo ṣe mọ ibi tó yẹ kó o wò? Bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, n kò lọ ibì kankan."

Ó fi etí ìborùn nu ojú rẹ̀, ó ṣí ìwé kékeré náà sí ojú ewé àkọ́kọ́. Ẹ̀gẹ́ pẹ́ kó tó wọ ẹnu ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà, obìnrin kankan kò sì pè mí.